Àwọn Tó Ń Ta Gìtá Tí Wọ́n Tún Ń Ta Béèsì, àti Irinṣẹ́ Tí Wọ́n Ń Yàn

Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin tó ń lo irinṣẹ́ oníná, ẹni tó ń ta gìtá kì í ṣe ẹni tó ń ta béèsì, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí béèsì oníná ti dé ọjà ni àwọn olórin kan ti ń ta méjèèjì, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ jẹun. Ohun tó mú kí èyí rọrùn láti dáwọ́ lé ni pé okùn mẹ́rin tó wà lórí béèsì, ìyẹn E, A, D àti G, ni okùn mẹ́rin tó nípọn jù lára mẹ́fà orí gìtá ń jẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé ti béèsì fi òkítéèfù kan rẹlẹ̀ lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ohùn kan náà ni, àmọ́ iye ìgbà tí okùn ń gbọ̀n jẹ́ ìdajì ti gìtá. Okùn tó rẹlẹ̀ jù lórí gìtá ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí béèsì sì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41. Nítorí náà, ẹni tó bá ti mọ ibi tí ìka ń tẹ̀ lórí gìtá ti mọ ibi tí yóò tẹ̀ lórí béèsì kí ó tó fọwọ́ kàn án rárá, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ka béèsì sí gìtá tí a yọ okùn méjì kúrò lára rẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà, irinṣẹ́ tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà yàn sì jẹ́rìí sí i, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá ti gìtá bọ́ sí béèsì gbọ́dọ̀ pinnu èwo nínú àṣà ọwọ́ rẹ̀ ni yóò gbé dání àti èwo ni yóò fi sílẹ̀, inú irinṣẹ́ rẹ̀ ni a sì ti ń rí ìpinnu náà.

Leo Fender, aṣèrọ kan ní ìlú Fullerton ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, ni ó gbé béèsì oníná àkọ́kọ́ tó gbilẹ̀ jáde ní ọdún 1951, ó sì pè é ní Precision Bass. Kí ó tó dé, béèsì onígi ńlá tó ga ju ènìyàn lọ ni wọ́n ń lò, èyí tí a máa ń gbé dúró bí òpó, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń rì sábẹ́ ìlù àti fèrè nígbà tí agbo bá gbóná. Béèsì àtijọ́ yìí kò ní fúrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹẹrẹ tó dábùú ọrùn gìtá, tí ń jẹ́ kí ohùn bọ́ sí ojú rẹ̀ gan-an bí ìka bá ti tẹ okùn sẹ́yìn wọn. Etí àti ọwọ́ nìkan ni atabéèsì fi ń wá ojú ohùn kiri. Nígbà tí Fender fi fúrẹ́ẹ̀tì sí i, tí ó sì sọ ọ́ di ohun tí a lè gbé kọ́ èjìká, kì í ṣe àwọn oníbéèsì àtijọ́ nìkan ni ó ní lọ́kàn, bí kò ṣe àwọn onígìtá pẹ̀lú, nítorí ó mọ̀ pé onígìtá tó bá lè ta béèsì yóò rí iṣẹ́ púpọ̀ sí i.

Bí orúkọ okùn kò tilẹ̀ yàtọ̀, ara béèsì yàtọ̀. Ibi tí okùn ti ń gbọ̀n lórí Precision gùn tó ínṣì 34, tí í ṣe nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 86, nígbà tí ti gìtá Stratocaster tí Fender kan náà ṣe kò ju ínṣì 25 àti ààbọ̀ lọ, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 65. Kò sí bí a ṣe lè sá fún gígùn yìí pátápátá, nítorí pé okùn tó bá kúrú ni ohùn rẹ̀ ń ga, èyí tó bá gùn tàbí tó bá wúwo ni ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀. Bí a bá fẹ́ ohùn ilẹ̀ tó mọ́ gaara, yálà kí a fa okùn gùn tàbí kí a jẹ́ kí ó nípọn, Fender sì ṣe méjèèjì. Okùn tó nípọn jù nínú okùn gìtá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà kò ju ínṣì 0.046 lọ, ti béèsì sì sábà máa ń jẹ́ 0.105. Nípa bẹ́ẹ̀, àyè tí ìka mẹ́rin onígìtá ń kájú láìní ìnira di ohun tí yóò máa na ọwọ́ sí, pàápàá ní apá ọrùn tó jìnnà sí ara béèsì, níbi tí àlàfo fúrẹ́ẹ̀tì ti fẹ̀ jù, okùn náà sì ń béèrè agbára lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Béèsì ọlọ́rùn kúkúrú wà pẹ̀lú, èyí tí okùn rẹ̀ gùn tó ínṣì 30, ọwọ́ onígìtá sì máa ń yára gbà á. Ohun tó máa ń pàdánù ni pé ohùn okùn tó rẹlẹ̀ jù kì í mọ́ tó ti ọlọ́rùn gígùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ki, tí ó sì máa ń rọ̀.

Béèsì ọlọ́rùn kúkúrú ni ó sọ Paul McCartney di oníbéèsì, kì í sì í ṣe pé ó jókòó ronú kí ó tó yàn án. Onígìtá ni nínú ẹgbẹ́ Beatles títí di ọdún 1961, nígbà tí Stuart Sutcliffe tó ń ta béèsì fún wọn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa gbé ní Hamburg ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Gìtá tí McCartney gbé lọ sí Hamburg ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, orí dùùrù ni wọ́n sì ń rí i nígbà náà, nítorí náà òun ni béèsì bọ́ sí lọ́wọ́. Nínú ìlú yẹn kan náà ni ó ti ra Höfner 500/1 tí a gbẹ́ bí faolíìnì, ní iye tó súnmọ́ 30 pọ́n-ùn, nígbà tí Fender ń lọ sí ìlọ́po mẹ́ta iye náà. Yàtọ̀ sí owó, ọwọ́ òsì ni McCartney fi ń ta okùn, béèsì ọlọ́wọ́ òsì kò sì pọ̀ lọ́jà. Apá méjèèjì Höfner dọ́gba, bí a bá yí i padà, kò ní rí wúruwùru lójú. Owó tó wà lápò àti ìrísí ni ó fi yàn án, àmọ́ ó bọ́ sí i fún ọwọ́, nítorí pé irinṣẹ́ náà fúyẹ́, ọrùn rẹ̀ sì kúrú débi pé ọwọ́ onígìtá lè sáré lórí rẹ̀ bí ó ti wù ú.

Ohun tí McCartney gbé dání láti orí gìtá ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn àṣà kí ọwọ́ máa wá ohùn aládùn kiri dípò kí ó dúró sórí ohùn kan ṣoṣo tó wà ní ìdí ìbáramu ohùn. Kò fi gìtá sílẹ̀ rí. Òun ni ó ta gìtá aṣáájú nínú orin Ticket to Ride ní ọdún 1965 àti ìdá gìtá inú Taxman ní 1966, bó tilẹ̀ jẹ́ pé George Harrison tí í ṣe onígìtá ẹgbẹ́ náà ni ó kọ Taxman. Gìtá Epiphone Casino ni ó máa ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ohùn rẹ̀ sì tètè máa ń ké. Fún Yesterday, Epiphone Texan tí kò lo iná ni ó gbé. Ní 1965 ilé-iṣẹ́ Rickenbacker fún un ní béèsì 4001S ní Amẹ́ríkà, èyí tí okùn rẹ̀ gùn ju ti Höfner lọ pẹ̀lú ínṣì mẹ́ta àti díẹ̀, ohùn béèsì rẹ̀ sì yí padà nínú àwo láti ìgbà náà: ó mọ́, ó sì yọ síta. Nígbà tí wọ́n ń gba ohùn Paperback Writer sílẹ̀ ní 1966, àwọn òṣìṣẹ́ stùdíò lo sípíkà ńlá kan bí makirofóònù, wọ́n gbé e kọjú sí sípíkà béèsì kí ohùn ilẹ̀ lè wọ inú téèpù dáadáa. Ẹni tó bá fetí sí àwọn àwo tó tẹ̀lé e yóò gbọ́ onígìtá kan tó ti rí ibi tí ó ti lè máa kọrin lábẹ́ orin. Wọ́n jí Höfner àkọ́kọ́ náà ní ọdún 1972, wọn kò sì kéde pé ó ti padà sọ́wọ́ olówó rẹ̀ títí di 2024.

Carol Kaye gba ọ̀nà mìíràn. Onígìtá jáàsì ni ní Los Angeles, ó sì ti di alágbàṣe stùdíò, ìyẹn irú olórin tí wọ́n ń pè láti wá ta ohun èlò sínú àwo ẹlòmíràn kí ó gba owó iṣẹ́ ọjọ́ náà kí ó sì máa lọ. Òun ló ta gìtá tí kò lo iná nínú La Bamba tí Ritchie Valens gbé jáde ní 1958. Ní 1963, ẹni tó yẹ kó ta béèsì níbi iṣẹ́ kan ní stùdíò Capitol kò wá, wọ́n sì ní kí Kaye gbé béèsì. Kò padà sẹ́yìn mọ́. Ìdí kan tó máa ń mẹ́nu bà kì í ṣe ti orin rárá: onígìtá stùdíò ayé ìgbà náà ní láti máa ru gìtá bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà kiri láti ibi iṣẹ́ kan sí èkejì, nítorí kò mọ irú ohùn tí wọ́n máa béèrè, ṣùgbọ́n béèsì kan ṣoṣo tó fún oníbéèsì. Ẹni tó bá ti ru ẹrù lọ sóde orin rí kò ní fojú kékeré wo ìdí yìí.

Fender Precision ọlọ́rùn gígùn ni Kaye yàn, kò wá ohun tó súnmọ́ gìtá. Àmọ́ ó mú píìkì dání, ìyẹn pátákó kékeré tí onígìtá fi ń ta okùn, ó sì yan èyí tó le. Ọ̀pọ̀ oníbéèsì ni kì í fẹ́ píìkì, wọ́n ní ó máa ń jẹ́ kí béèsì ta létí jù. Kaye wo àìsàn náà láti ibòmíràn. Aṣọ nínípọn kan ni ó ká, tí ó sì tẹ̀ mọ́ orí okùn nítòsí ìdí wọn, kí ó lè pa okùn lẹ́nu mọ́ kíá lẹ́yìn tí ó bá ti ta á. Píìkì fún ohùn ní ìbẹ̀rẹ̀ tó ṣe ṣánṣán tí rédíò kékeré ayé ìgbà náà lè gbé jáde, aṣọ sì gé ìdí rẹ̀ kúrò kí ó má baà da ohùn mìíràn rú. Apá kan jẹ́ ti gìtá, apá kejì jẹ́ ti béèsì onígi àtijọ́, tí ohùn rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Ohùn tó ti ibẹ̀ jáde ni a ń gbọ́ nínú The Beat Goes On tí Sonny àti Cher kọ ní 1967, níbi tí orí béèsì Kaye ni gbogbo orin náà ti ń yí. Ní 1969, ó tẹ ìwé ìkọ́ni lórí béèsì oníná, ó sì di olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ó yẹ kí a gbé James Jamerson, oníbéèsì ilé-iṣẹ́ Motown ní Detroit, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé Precision kan náà ni òun náà lò, ṣùgbọ́n orí béèsì onígi ni ó ti wá, kì í ṣe gìtá. Kò lo píìkì; ìka ìlábẹ̀ kan ṣoṣo ló fi ń ta okùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe lórí béèsì ńlá. Okùn tí a fi irin pẹlẹbẹ wé, tí ara rẹ̀ ń dán, ni ó lò, fóòmù sì wà lábẹ́ ìdérí ìdí okùn rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ tí aṣọ ń ṣe fún Kaye. Àwọn méjèèjì pàdé níbi ohùn kúkúrú tó ki, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀ jìn síra wọn. Lójú òǹkọ̀wé àpilẹ̀kọ yìí, èyí ni ó yẹ kí onígìtá tó fẹ́ kọ́ béèsì kọ́kọ́ mọ̀, ṣáájú irú igi tàbí àwọ̀ tí yóò rà: bí a ṣe ń pa ohùn béèsì ṣe pàtàkì tó bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, onígìtá tó ti mọ́ lára pé kí okùn máa dún lọ ni kì í sì í ka èyí sí.

Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Fún irú wọn ni ilé-iṣẹ́ Danelectro ṣe béèsì olókùn mẹ́fà ní 1956, tí Fender sì ṣe Bass VI ní 1961; okùn mẹ́fà gìtá gan-an ló wà lórí rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ fi òkítéèfù kan rẹlẹ̀, tí okùn rẹ̀ sì gùn tó ínṣì 30. Àlàfo àárín okùn wọn há bíi ti gìtá, èyí tó mú kí píìkì rọrùn lórí wọn ju ìka lọ. Ní stùdíò Los Angeles àti Nashville, wọ́n máa ń fi irú béèsì yìí ta ohùn kan náà tí béèsì onígi ń ta, kí ti onígi fún orin ní ara, kí ti olókùn mẹ́fà sì fún un ní ẹnu. Ẹgbẹ́ Beatles lo Bass VI ní oṣù kìíní ọdún 1969 nígbà tí McCartney bá wà nídìí dùùrù. John Lennon tàbí Harrison, tí wọ́n jẹ́ onígìtá, ni yóò gbé e. Béèsì tí Lennon ta nínú The Long and Winding Road kò dára rárá, kò sì sí ẹni tó fetí sí i tí kò ní gbọ́ àṣìṣe inú rẹ̀. Irinṣẹ́ tó jọ gìtá kò sọ onígìtá di oníbéèsì.

Mike Rutherford inú ẹgbẹ́ Genesis ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì rí ọ̀nà àbáyọ mìíràn. Béèsì àti gìtá olókùn 12 ni iṣẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn nínú orin kan ṣoṣo, nítorí náà ó máa ń gbé gìtá ọlọ́rùn méjì kọ́rùn lórí ìtàgé, ọrùn kan fún béèsì, èkejì fún gìtá, bí ó ti wù kí ó wúwo tó. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá há sórí gìtá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa tẹ àwọn pátákó oníná ilẹ̀ tó ń mú ohùn béèsì jáde, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Moog ṣe tí wọ́n pè ní Taurus ní àárín àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn tí Steve Hackett tó jẹ́ onígìtá fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1977, Rutherford ni ó ta gìtá àti béèsì nínú stùdíò fún àwo tó tẹ̀lé e. Lórí ìtàgé, wọ́n mú Daryl Stuermer wá, òun àti Rutherford sì ń gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn: bí ọ̀kan bá bọ́ sórí gìtá, èkejì á bọ́ sórí béèsì.

Ní ìlú Èkó, àárín gìtá àti béèsì ti ní orúkọ tirẹ̀. Nínú orin Afrobeat tí Fẹlá Aníkúlápó Kútì dá sílẹ̀, gìtá kan wà tí wọ́n ń pè ní gìtá tẹ́nọ̀, tí kì í ṣe irinṣẹ́ ọ̀tọ̀. Gìtá lásán ni, iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an ni ó fún un lórúkọ. Kì í ta ohùn mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí kò ṣe ohùn kọ̀ọ̀kan tí a fi ọwọ́ pa lẹ́nu, tí yóò máa yí lọ láìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin, ní ẹ̀gbẹ́ béèsì àti láàárín àlàfo tí béèsì bá fi sílẹ̀. Oghene Kologbo, ọmọ Warri tí bàbá rẹ̀ náà jẹ́ olórin highlife, ni ó ta gìtá tẹ́nọ̀ nínú ọ̀pọ̀ àwo Africa 70, ìyẹn ẹgbẹ́ Fẹlá, ó sì tún máa ń ta béèsì nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀ nínú stùdíò, kí ó tó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Berlin ní 1978. Ẹni tó bá ti ta irú gìtá yìí fún wákàtí mẹ́ta lálẹ́ kan ti kọ́ sùúrù oníbéèsì kí ó tó gbé béèsì rárá. Ó ṣeé ṣe kí etí Yorùbá má rí ohun tó ṣàjèjì nínú pé kí irinṣẹ́ olóhùn ilẹ̀ máa darí agbo, nítorí pé nínú ìlù dùndún ìyáàlù ni ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ tí ó sì ń sọ̀rọ̀, àwọn omele tó ń ké lókè ni wọ́n ń tẹ̀ lé e. Nínú àpàlà pẹ̀lú, agídìgbo ti ń ṣe iṣẹ́ béèsì kí oníná tó dé.

Níbi áńpílífáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ọ̀rọ̀ náà yí padà lọ́nà kan tó pani lẹ́rìn-ín. Fender Bassman, tó jáde ní 1952, béèsì ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn onígìtá gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, pàápàá irú èyí tó ní sípíkà mẹ́rin oní-ínṣì 10 tí wọ́n ń ṣe ní nǹkan bí 1959, nítorí pé ohùn gìtá máa ń dùn nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yí i sókè débi tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Òun gan-an ni Jim Marshall àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wò ṣe JTM45 ní 1962, tí áńpílífáyà Marshall, tí í ṣe ohùn gìtá rọ́ọ̀kì, sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbéèsì ní láti dúró de ẹ̀rọ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi SVT tí ilé-iṣẹ́ Ampeg gbé jáde ní 1969 pẹ̀lú agbára wáàtì 300, nítorí pé ohùn ilẹ̀ ń jẹ iná ju ohùn òkè lọ kí etí tó lè gbọ́ méjèèjì dọ́gba.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a ki béèsì bọ áńpílífáyà gìtá kí a sì yí i sókè. Láti mú ohùn ilẹ̀ jáde, bébà sípíkà gbọ́dọ̀ máa sún síwájú sẹ́yìn jìnnà, bébà sípíkà gìtá kò sì gba irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ máa gbọ̀n rììrìì, lẹ́yìn náà yóò ya. Bí a bá yí i padà, kò sí ewu: gìtá kò lè ṣe sípíkà béèsì ní nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn òkè rẹ̀ lè má tàn tó bí ó ti yẹ. Fún ẹni tó ń ta méjèèjì ní ilé ìjọsìn tàbí nínú ẹgbẹ́ kékeré, tí owó rẹ̀ kò sì tó fún ẹ̀rọ méjì, áńpílífáyà béèsì ni kí ó rà, kí ó sì wá pẹ́dà ẹlẹ́sẹ̀ kan tó lè tan ohùn gìtá síwájú rẹ̀. Bí ilé náà bá ní míkísà tó dára, ó lè má ra áńpílífáyà rárá fún ti béèsì: àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní DI yóò so béèsì tààrà mọ́ míkísà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ àwo Motown, owó tó bá ṣẹ́ kù á sì lọ sórí okùn tuntun.